Láàbù ti gbà mí nílẹ̀ òkèèrè, owó ni mi ò rí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí sikọ́láṣíìpù elective

Àyìnkẹ́500L

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe elective (ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi tó bá yàn fúnra ẹ̀) nílẹ̀ òkèèrè rí tàbí tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ti ṣe é.

Mo wà ní 500 level, ìmọ̀ ìṣègùn ni mò ń kà ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Elective wa ku oṣù mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ni wọ́n fún wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi púpọ̀ máa lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ ilé wọn kí wọ́n lè sinmi díẹ̀, mi ò bá wọn wí, àmọ́ ìwádìí lèmi fẹ́ ṣe, lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Àbúrò mi ọkùnrin ni SS. Láti JSS 2 ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n á fún un, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ èèyàn lórúnkún láàárín òru, témi àti màámi á jọ jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń kọ ímeèlì sí àwọn láàbù nílẹ̀ òkèèrè. Mo kà wọ́n, mẹ́tàlélógójì ni. Mẹ́rin péré ló dá mi lóhùn, mẹ́ta ní kò sáyè, ẹyọ kan ní England ló ní òun á gbà mí sí láàbù òun. Mo fò sókè nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí mo wá kà á délẹ̀, ó ní yunifásítì àwọn máa ń gba owó láàbù, £900 ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé àwọn ò ní owó kankan tí àwọn lè fi ràn mí lọ́wọ́. Mo bá jókòó padà.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, aṣọ òkè ni màámi ń tà. Owó láàbù rèé, fíísà rèé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, ilé tí màá sùn, oúnjẹ... mo ṣírò gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan, mo sì pa ìwé náà dé.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan, ó ní òun máa bá mi gba "sikọ́láṣíìpù elective" tó máa san gbogbo ẹ̀ pátá, pé kí n kọ́kọ́ san ₦180,000 fún fọ́ọ̀mù. Ó fi àwòrán lẹ́tà àwọn tó lóun ti bá gbà á hàn mí. Ṣé kí n san án? Tí mi ò bá san án, níbo gan-an lowó irú nǹkan báyìí wà fún ọmọ Nàìjíríà?

Káyọ̀dé_Ìjẹ̀bú

Àbúrò, má san kọ́bọ̀ o. Irú ọkùnrin yẹn ló gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá, ₦120,000 ni tiẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, òǹtẹ̀ yunifásítì wà lórí ẹ̀ dáadáa, ìgbà tá a wá wo àdírẹ́sì tí ímeèlì náà ti wá, Gmail ni. Yunifásítì wo ló ń ti orí Gmail fúnni ní sikọ́láṣíìpù? A pe nọ́ńbà ọkùnrin náà títí, kò lọ mọ́.

Tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ fún ọ lówó ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kóo mówó wá, sá fún un.

Ṣeun_ỌmọÈkìtì

Sikọ́láṣíìpù pọ̀ nílẹ̀ o. Gbìyànjú Chevening, gbìyànjú Commonwealth. Nílé níbí náà, PTDF wà, TETFund wà. Àwọn èèyàn wa ni kì í kọ̀wé sí i.

DókítàMojí

Ṣeun, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká júwe ọ̀nà tí ò já fún ọmọ yìí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, kò séyìí tó kàn án. Chevening, Master's ni wọ́n ń sanwó ẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti gba digirí àkọ́kọ́, o sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì. Commonwealth náà, ti àwọn tó ń lọ ka Master's àti PhD ni. PTDF, MSc àti PhD ni wọ́n fi ń rán èèyàn lọ sókè òkun. TETFund, àwọn olùkọ́ yunifásítì ló wà fún. Ọmọ 500 level tó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní láàbù ò sí nínú ìkankan wọn. Mo mọ̀ nítorí èmi náà lo bí oṣù mẹ́rin lórí irú wọn nígbà tèmi kí ojú mi tó là.

Àyìnkẹ́, gbọ́ o. Tóo bá tẹ "elective bursary" sí Google, àwọn tó máa yọ sí ẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní UK tó fẹ́ jáde lọ síbòmíràn ni wọ́n ń fún. Àwa lẹni tí wọ́n ń jáde wá bá. Ìlà kan ló máa ń sọ ọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, pé "o gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìṣègùn ní UK." Ìlà yẹn ni kóo kọ́kọ́ máa wá kóo tó ka nǹkan míì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ètò tó ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ kó lọ ṣèwádìí ní láàbù. DAAD RISE ti Jámánì tí gbogbo èèyàn ń pín kiri, Amẹ́ríkà, Kánádà, UK àti Ireland ni wọ́n ti ń mú ọmọ. Amgen Scholars ti Amẹ́ríkà, ọmọ onílùú àti ẹni tó ní káàdì ìgbélùú wọn nìkan ni. Mitacs Globalink ti Kánádà, wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, nígbà tí mo wò ó Nàìjíríà ò sí níbẹ̀.

Èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé wà o, mo sì ti rí ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀: OIST, yunifásítì kan ní Okinawa lórílẹ̀-èdè Japan, wọ́n ń san tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fúnni nílé, wọ́n ń fúnni lówó oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. KAUST, yunifásítì kan ní Saudi, VSRP ni wọ́n ń pe tiwọn, wọ́n ń san $1,000 lóṣù, wọ́n ń gbé ẹ lọ, wọ́n ń gbé ẹ bọ̀, ilé wà níbẹ̀. ISTA, ibùdó ìwádìí kan ní Austria, ISTernship lorúkọ tiwọn. Vienna BioCenter Summer School náà wà, ibẹ̀ lèmi lọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé wọn ò gbà mí, ìgbà kejì ni wọ́n gbà mí. Àwọn ti Austria méjèèjì yìí, ìparí oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń ti fọ́ọ̀mù.

Wo nǹkan tí gbogbo wọn fi jọra. Kò séyìí tó jẹ́ pé o máa kọ́kọ́ wá láàbù kóo tó wá máa wá owó kiri. Àyè àti owó jọ wà nínú fọ́ọ̀mù kan náà ni. Ìwọ ti gba àyè tí ò ní owó nínú, èyí ló jẹ́ kó nira. Mi ò ní kóo sọ ọ́ nù o. Mo kàn fẹ́ kóo mọ ibi tóo dúró sí.

Àyìnkẹ́500L

Ẹ ṣeun gan-an ni ẹ̀gbọ́n Mojí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti jókòó ti Chevening láti àná o, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ mo ti wo èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, ti KAUST oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni, ti ISTA ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lèmi ní. Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

DókítàMojí

Mi ò lò ó fún elective. Àárín 400 àti 500 level ni mo lọ, ilé ìwé wa wà ní ìsinmi gígùn. Elective tèmi gan-an, Ìbàdàn ni mo ti ṣe é. Nǹkan tẹ́ni kan ò tètè sọ fún mi nìyẹn, pé ìwádìí nílẹ̀ òkèèrè ò pọn dandan kó bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ elective. Ìsinmi wà, ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì bá gbé e ká wà, oṣù tó máa ń wà láàárín ìgbà tóo bá parí ìdánwò àṣekágbá àti ìgbà tí housemanship (iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ dókítà tuntun) máa bẹ̀rẹ̀ náà wà. Fún àwọn tó bá gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìgbà yẹn dáa gan-an.

Báre_SCORE

Káyọ̀dé, mi ò gbà pẹ̀lú yín pé ẹni tó bá ti gba owó, olè ni. Ìmọ̀ràn yẹn máa lé ọmọ yìí kúrò níbi tó yẹ kó lọ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lágbàáyé wà, IFMSA, 1951 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. NiMSA, ẹgbẹ́ tiwa ní Nàìjíríà, wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní oríṣi pàṣípààrọ̀ méjì, SCOPE fún iṣẹ́ ọsibítù, SCORE fún ìwádìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé orílẹ̀-èdè méjì á fọwọ́ sí ìwé pé a máa fún yín láyè ọmọ kan, ẹ̀yin náà á gba ọmọ wa kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ó máa wọ inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tìẹ láìsí wàhálà. Ibi tóo bá lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló máa fún ẹ nílé, wọ́n á máa fún ẹ lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán lójúmọ́, o ò sì ní san owó láàbù irú £900 yẹn. Àmọ́ wọ́n máa ń gba owó pàṣípààrọ̀, torí owó yẹn náà ni wọ́n fi ń tọ́jú àlejò tó bá wá sọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe jìbìtì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹgbẹ́ ni wàá san án sí, wọ́n á fún ẹ ní rìsíìtì, o sì mọ ẹni tóo lè lọ bá nínú kíláàsì yín gan-an. Ẹni tí wọ́n ń pè ní LORE, tó ń bójú tó pàṣípààrọ̀ ìwádìí, wà nílé ìwé yín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kóo lọ lọ́la.

Èmi lọ sí Turkey ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Tíkẹ́ẹ̀tì àti fíísà, ọwọ́ mi ló ti jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì nínú hósítẹ́ẹ̀lì, àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá, ọmọ Brazil kan, ọmọ Íjíbítì kan. Ọ̀sán ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà, ní káńtíìnì ọsibítù, gaàrí tí mo gbé láti ilé ni mo fi ń gbé alẹ́. Ní láàbù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan ju páípẹ́ẹ̀tì àti omi lọ, kí n máa fa omi tí wọ́n fi àwọ̀ sí láti inú ihò kan sínú ìkejì, ihò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú àwo kan, títí ọwọ́ mi fi dúró. Ó sú mi nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan ni kóo wà lójúfò sí: ọ̀rọ̀ déètì. Lọ́dún 2022 tí ASUU yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì di oṣù kẹwàá, ọ̀rẹ́ mi kan ti gba àyè tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi máa wọlé padà tí wọ́n máa sáré kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan, oṣù tó yẹ kó lọ ti bọ́ sínú ìdánwò. Kò lọ mọ́. Tóo bá ń kọ fọ́ọ̀mù, oṣù méjì mẹ́ta ni kóo kọ sílẹ̀, má kọ ẹyọ kan.

Káyọ̀dé_Ìjẹ̀bú

Báre, o sọ ọ́ dáadáa, mo gbà. Mi ò mọ̀ nípa ti ẹgbẹ́ yẹn. Ti agent WhatsApp yẹn ni mo ń bá wí, mi ò sì kúrò lórí ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ọmọ mi, ẹ kú ìsapá. Ọlọ́run á wo àbúrò yín sàn.

Mi ò mọ̀wé sikọ́láṣíìpù, ọ̀rọ̀ báńkì ni mo fẹ́ bá yín sọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Taiwo mi, wọ́n fún un ní ìdajì owó ní ibi tó fẹ́ lọ, ó ku ìdajì. Bàbá ẹ̀ lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, èmi gba èsúsú mi, ẹ̀gbọ́n mi náà fi nǹkan kún un, a dà á sínú àkáǹtì ọmọ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ fi ìwé fíísà sílẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tí owó náà ti wá. Owó ọ̀hún kì í ṣe owó olè, òógùn wa ni, àmọ́ nínú ìwé ó dà bíi pé ó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Torí náà, ẹni tó bá máa ràn ọ́ lọ́wọ́, kó má da owó sí àkáǹtì tìẹ. Kó fi sítétímẹ́ǹtì tiẹ̀ ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀, kó kọ lẹ́tà pé òun lòun máa gbé bùkátà náà, kó fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ìwé ọjà rẹ̀ sí i. Tí màmá rẹ tó ń ta aṣọ òkè bá ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọjà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ dáadáa láti ìsinsìnyí, kí owó ọjà náà sì máa gba inú báńkì kọjá.

Kọ́lá_Leeds

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa níbí nìyẹn.

Láàbù ni mo ń ṣiṣẹ́ ní UK, mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ elective tó pọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ẹni kan máa sọ fún ẹ pé kóo gba fíísà akẹ́kọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Standard Visitor, ìyẹn fíísà àlejò, ni, òfin wọn dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó bá wá ṣe elective níbẹ̀: kóo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nílé tìẹ, kó jẹ́ yunifásítì UK lo ń lọ, kí wọ́n má san owó iṣẹ́ fún ẹ, kóo má sì tọ́jú aláìsàn. Láàbù lo ń lọ, torí náà ti aláìsàn ò kàn ẹ́. Jẹ́ kí lẹ́tà tí wọ́n máa kọ fún ẹ sọ gbogbo nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kedere, kó kọ déètì tóo máa dé àti èyí tóo máa lọ. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "a ń retí rẹ" ò tó.

Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí sọ pé tí wọ́n bá ti lè fún ẹ ní sikọ́láṣíìpù, o ò lè lo fíísà àlejò mọ́. Àṣìṣe ni. Owó iṣẹ́ ni wọn ò gbà, ẹni tó fún ẹ lówó tóo fi máa jẹun tóo fi máa sùn, ìyẹn yàtọ̀, kóo ṣáà fi lẹ́tà ẹni náà sílẹ̀.

Ó wá ku £900. Má gbà á bíi pé òfin Ọlọ́run ni. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọ́físì ló máa ń gbé owó yẹn kalẹ̀, ọ̀gá láàbù ò tiẹ̀ ní rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, ó sì lè bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Kọ̀wé sí i padà. Má kọ ìtàn ìyà gígùn. Sọ fún un pé o dúpẹ́, o fẹ́ wá, owó ọkọ̀ àti ilé lo ń wá lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fojú fo owó láàbù tàbí kí wọ́n dín in kù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Nàìjíríà, tí kò bá sì ṣeé ṣe, ṣé o lè ṣiṣẹ́ lórí dátà tí wọ́n ti kó jọ, kóo máa ṣe é láti ilé. Gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún, ó tó. Ọmọbìnrin kan láti Kẹ́ńyà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá wa, wọ́n dín tiẹ̀ kù sí ìdajì. Wọn ò fún ẹlòmíì tó bèèrè lọ́dún tó tẹ̀ lé e o, mi ò fẹ́ tàn ẹ́.

Fẹ́mi_Ẹdẹ

Ẹ má bínú, kí ló dé tó fi jẹ́ òkè òkun náà ni? Àrùn tí wọ́n ń wá ìmọ̀ ẹ̀ lọ sí England, àwa la ní in jù láyé. Ní Ẹdẹ níbí, ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn (Institute of Genomics and Global Health ni wọ́n ń pè é báyìí), wà ní Redeemer's University, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi. Àwọn ló fi ẹ̀rọ mọ Ebola tó wọ Èkó lọ́dún 2014, àwọn ni wọ́n ka ìlànà inú kòkòrò Covid àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta 2020. Mọ́tò ló máa gbé ẹ débẹ̀. O fẹ́ san £900 fún ẹni tó máa ní kóo máa fa omi aláwọ̀.

DókítàMojí

Fẹ́mi, mo bá yín fẹ́ràn Ẹdẹ, àmọ́ ti kòkòrò tó ń fa àrùn ni wọ́n gbé sójú níbẹ̀ jù. Ọmọ yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde lòun fẹ́. Kò sì sóhun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ ríbòmíràn. Láàbù tí iná ò ti ń lọ, tí ohun èlò tóo béèrè láàárọ̀ máa dé lọ́sàn-án, ó máa ń yí bí èèyàn ṣe ń ronú nípa iṣẹ́ padà. Mi ò lè parọ́ fún yín lórí ìyẹn.

Làmídì_Atìpó

Ẹ ti ń wo ìwọ̀ oòrùn jù. "Abroad" ò bẹ̀rẹ̀ ní Heathrow.

Gambia, MRC Unit, ibùdó ìwádìí ìṣègùn, wà ní Fajara, láti 1947, abẹ́ London School of Hygiene and Tropical Medicine ló sì wà báyìí láti 2018. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìwádìí ńlá tó fi hàn pé nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rẹ sínú oògùn ẹ̀fọn ń dín ikú ọmọdé kù. Wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ elective. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ECOWAS ni wá, pásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lo máa mú lọ, ọjọ́ àádọ́rùn-ún lo lè lò láìsí fíísà. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà: láìsí fíísà. Kò sí sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà, kò sí ọ́físì fíísà tó máa kọ̀ ẹ́.

Fún tìẹ gan-an, Àyìnkẹ́, Gánà ni màá kọ́kọ́ wò. Kumasi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún fòníkú-fọ̀ladìde lọ́dún 1995, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong ló dá a sílẹ̀, wọ́n á gún ọmọ ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n kí àìsàn tó gbé e dè. Àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà yẹn ti di géńdé báyìí. Ìwé àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀, ibo lo fẹ́ tún ti rí irú ẹ̀ ní England? Mọ́tò ń ti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lómé lọ sí Àkrà, wàá wọ òmíràn lọ sí Kumasi. Mo ti ṣe é. Ó ń rẹni, àṣọ́bodè máa ń dani láàmú, àmọ́ owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tíkẹ́ẹ̀tì London.

Fẹ́mi_Ẹdẹ

Ti Kumasi yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ ṣeun, Làmídì. Noguchi, ibùdó ìwádìí ìṣègùn, náà ṣì wà ní Legon, ọmọ Gánà kan ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́.

Báre_SCORE

Ọmọ Japan ni Noguchi o. Hideyo Noguchi. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló wá ṣèwádìí ẹ̀, òun náà ló pa á ní Àkrà lọ́dún 1928.

Àdùkẹ́_Registry

Ọ́físì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan, ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un. Erasmus+ máa ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà pé kó lọ lo oṣù díẹ̀ ní Yúróòpù, ó sì kan ẹni tó ṣì ń kà digirí àkọ́kọ́. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kọ̀wé sí i fúnra ẹ̀, àfi tí ilé ìwé rẹ àti tiwọn bá ti jọ fọwọ́ sí ìwé. Ìwé yẹn lè wà nínú dúrọ́ọ̀ kan nílé ìwé yín kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lọ sí ọ́físì tó ń rí sí àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, bèèrè bóyá wọ́n ní Erasmus+, pẹ̀lú yunifásítì wo, ẹ̀ka wo. Má bèèrè pé "ṣé ẹ ní sikọ́láṣíìpù," torí wọ́n á ní rárá.

Àyìnkẹ́500L

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò san ₦180,000 yẹn. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà fún mi ní àdírẹ́sì àjọ tó ń san owó náà kí n kọ̀wé sí wọn fúnra mi, ó ti block mi.

Mo lọ sí ọ́físì tí Mummy Àdùkẹ́ sọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní kò sí. Mo jókòó títí ọ̀gá fi dé, ó sì rí i pé Erasmus+ wà, àmọ́ ti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni. Ó bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá láàbù ní England bí ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ṣe ní kí n kọ ọ́, gbólóhùn márùn-ún. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kẹta. Wọn ò lè fojú fo £900, àmọ́ ó ní àwọn ní dátà àwọn aláìsàn tí wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò, pé tí mo bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà, kí oṣù méjì tó pé, òun á fún mi ní apá kan nínú iṣẹ́ náà láti ilé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Mo kọ̀wé sí Kumasi náà. Wọn ò tíì dáhùn. Mo ti bá LORE wa sọ̀rọ̀, fọ́ọ̀mù SCORE máa jáde láìpẹ́, oṣù mẹ́ta ni mo máa kọ sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Báre, mi ò gbàgbé.

Mo sọ fún màámi nípa ìwé ọjà. Ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ wá gba owó orí lọ́wọ́ òun ni, ìgbà tí mo ka ohun tí Ìyá Ìbejì kọ sí i létí ló dákẹ́, ó ra ìwé tuntun lọ́jọ́ kejì.

DókítàMojí

O ṣe dáadáa gan-an. Ó ku nǹkan kan tí ò sẹ́ni tó sọ. Ọ̀pọ̀ ibi tó bá gbà ẹ́ ló máa bèèrè ìwé abẹ́rẹ́: ibà pọ́njú, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti Hepatitis B. Ti Hepatitis B yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á, èkejì á tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta di oṣù kẹfà. Elective rẹ ti ku oṣù méje ààbọ̀. Tóo bá fi jáfara títí wọ́n á fi fún ẹ láyè, kò ní pé mọ́. Transcript náà, lọ bèèrè fún un lọ́sẹ̀ yìí, o mọ bí ti ilé wa ṣe máa ń rí.

Àyìnkẹ́500L

Haa, ẹ̀gbọ́n! Mo ń tọ́jú aláìsàn láti 400 level, mi ò sì tíì gba ẹyọ kan nínú ẹ̀. Mo ti ń lọ sí kíliníìkì àwọn òṣìṣẹ́ báyìí, wọ́n ní aago méjì ni wọ́n ń ṣíwọ́.

Àyìnkẹ́500L

Mo ti gba àkọ́kọ́. Apá ń dùn mí díẹ̀. Wọ́n kọ déètì èkejì sínú káàdì.